Pé ẹ ní Medicaid kò ní kí oníṣẹ́ abẹ gbà yín

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Àǹtí kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ló ń sọ fún ìyá kan tí orúnkún ń yọ lẹ́nu pé kó fọkàn balẹ̀, pé ìpínlẹ̀ wọn ti ṣí Medicaid, adójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, sílẹ̀ fún èèyàn púpọ̀ sí i, káàdì ti dé ọwọ́ rẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tó bá wù ú ló máa rí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, torí ó ń jẹ́ káwọn èèyàn wa jókòó sílé máa retí ìpè tí kò ní wá.

Ọ́fíìsì àwọn dókítà eegun ni mo ti ń gbé fóònù, níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Kí n tó béèrè ibi tó ń dun èèyàn, adójútòfò tó ń lò ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Tó bá ti ní Medicaid, ojú mi á lọ sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn dókítà tó ṣì ń gbà á sí. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ́fíìsì tiwa nìkan. Lọ́dún 2011, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Àwọn olùwádìí pe kílíníìkì àwọn dókítà onímọ̀ àkànṣe ní Cook County, ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n ṣe bí ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe kílíníìkì kọ̀ọ̀kan, àìsàn kan náà ni wọ́n sọ, adójútòfò nìkan ni wọ́n yí padà. Tí wọ́n bá ní Medicaid tàbí ètò ìjọba tó jọ ọ́ lọmọ ń lò, 66 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ̀. Tó bá jẹ́ adójútòfò aládàáni, 11 péré. Kódà níbi tí wọ́n ti gba méjèèjì, ọmọ Medicaid fi bí ọjọ́ 22 dúró ju ìkejì lọ. Ọmọ kékeré lèyí o!

Owó ló fà á. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, iye tí Medicaid ń san fún dókítà kò tó ti Medicare, adójútòfò ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ká má tiẹ̀ tíì dárúkọ ti aládàáni. Nígbà tí òfin ìlera Obama fẹ́ mú kí Medicaid gbòòrò lọ́dún 2014, ìjọba àpapọ̀ fi kún owó àwọn dókítà ìtọ́jú àkọ́kọ́ ní 2013 àti 2014. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá fi hàn pé àwọn tó ní Medicaid wá ń rí wọn sí i: ìpè tí wọ́n fún ní ọjọ́ ìpàdé gòkè láti bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún dé 66. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ńkọ́? Wọn ò sí nínú àfikún yẹn. Àwọn tó mú káàdì dání pọ̀ sí i, owó iṣẹ́ abẹ wà níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oníṣẹ́ abẹ kì í hù lóru ọjọ́ kan: lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó tún di ọdún márùn-ún ó kéré tán.

Àwọn kan á ní ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ láìsan sẹ́ńtì kan. Irú wọn wà, èmi fúnra mi ti fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n á rí dókítà rí. Àwọn tí mo dá padà ni kò sí nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Mo gbà pé káàdì sàn ju àìní lọ. Ní Oregon, níbi tí wọ́n ti fi kèké pín Medicaid lọ́dún 2008, àwọn tí kèké mú gba ìtọ́jú ju àwọn tí kò mú lọ. Ìpínlẹ̀ kan sì lè sàn ju òmíràn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní káàdì náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ àwọn dókítà tí Medicaid tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pe ọ́fíìsì náà gan-an, kí ẹ béèrè bóyá dókítà yẹn ń gba aláìsàn Medicaid tuntun. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ pe ilé ìwòsàn yunifásítì tó sún mọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń gbà á.