Páátì Àwọn Olè Orí Omi

Wọ́n pè mí sí páátì ọjọ́ìbí ọmọ ọdún márùn-ún kan ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n ní dandan ni ká múra bí ajalèlókun. Bàbá ọmọ fi aṣọ dúdú di ojú ọ̀tún, ó so ayékòótọ́ oníke mọ́ èjìká, ojú kan tó kù ò sì ríran dáadáa, ló bá da jọ̀lọ́ọ̀fù sára ìyàwó ẹ̀, ó ṣì ń pariwo "Arrr!"

Ta ló sọ fún un pé báwọn olè yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Òṣèré kan tó ń jẹ́ Robert Newton ló fi ohùn ìlú ẹ̀ ṣe é nínú fíìmù ní 1950, àtìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń ké bí ajá tí egungun há lọ́fun.

Blackbeard, ajalèlókun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ńkọ́? Ní 1718 ó lọ dí ẹnu omi Charleston ní Amẹ́ríkà pa, ó mú èèyàn nígbèkùn, ẹ wá gbọ́ ohun tó fẹ́ gbà kó tó tú wọn sílẹ̀: àpótí oògùn! Ṣé góòlù kẹ̀? Rárá o. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ ẹ̀ tó rì, wọ́n bá sírìńjì tí wọ́n fi ń fín oògùn sójú ara ọkùnrin níbẹ̀, mi ò ní sọ jù báyẹn lọ torí àwọn ọmọdé wà ní páátì.

Bartholomew Roberts, ajalèlókun mìíràn, ní tiẹ̀ ṣòfin fáwọn ọmọ ẹ̀: tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n pa àbẹ́là, kò sí tẹ́tẹ́ olówó, àwọn onílù sì máa sinmi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkọ̀ olè ni àbí ilé ìwé bọ́dìn? Ọmọlúàbí yìí náà ló wọ Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, ìtòsí ilé wa níbí, ní January 1722, ó ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá níbẹ̀ mú pọ́ùn mẹ́jọ góòlù wá. Ọ̀gá ọkọ̀ kan kọ̀, Porcupine lorúkọ ọkọ̀ ọ̀hún, wọ́n bá finá sí ọkọ̀ náà. Ẹrú bí ọgọ́rin wà nínú ẹ̀, wọ́n dè wọ́n ní méjì méjì, àwọn olè ní títú ìdè yẹn ti láápọn jù. Ẹni tó bẹ́ sómi, ẹja ajẹ̀nìyàn fà á ya. Kò pé oṣù kan síi tí ọta ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì já Roberts lọ́fun, wọ́n sì yẹgi fún méjìléláàádọ́ta nínú àwọn ọmọ ẹ̀ ní Cape Coast, ní Gánà.

Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ lè ní kọ́mọ yín múra bí Anini lọ sí páátì? Àbí torí pé tibí yìí ní fìlà oníìyẹ́?

Wọ́n ní kí n wá fi idà oníke gé kéèkì, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ṣe. Mo bi ìyá ọmọ pé ṣé Porcupine nìyí.

Ó ní rárá, ṣọ́ọ̀bù Tesco ni.