Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé dual credit ọmọ yín

Àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tún ti dé ní Amẹ́ríkà, fọ́tò ọmọ tó gbé ìwé ẹ̀rí méjì dání sì ti kún orí WhatsApp àwa Yorùbá láti Houston títí dé Maryland. Ọ̀kan ti háíìskúùlù, èkejì ti community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì), ọmọ ọdún 17 tàbí 18. Dual credit ló mú un wá, ìyẹn kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ń ṣe nígbà tó ṣì wà ní háíìskúùlù. Mo bá àwọn ọmọ náà yọ̀ tọkàntọkàn, nítorí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ohun tó ń bí mi nínú ni ohun tí àwọn àgbàlagbà ń kọ sábẹ́ fọ́tò: "Ẹ̀yin òbí, ẹ tètè fi ọmọ yín sí dual credit, ọ̀fẹ́ ni, ọdún méjì ti kúrò nínú yunifásítì nìyẹn." Ẹni tó kọ ọ́ kò béèrè ohun tí ọmọ yín fẹ́ kà. Kò béèrè yunifásítì tó fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ a kúkú mọ àdúrà tí ọ̀pọ̀ òbí nínú wa ń gbà: kí ọmọ di dókítà. Ọmọ yẹn gan-an ni ìmọ̀ràn yìí lè ṣe ní jàǹbá jù.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dàrú mọ́ wa lójú. Àwa tí a dàgbà sílé mọ HSC, A-Level, IJMB, a sì mọ JUPEB tó dé lẹ́yìn wọn. O jókòó ṣe ìdánwò, o kó póìntì rẹ, o gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́wọ́ JAMB, o wọ 200 level. Máàkì A-Level rẹ kò bá ọ wọ inú CGPA. Bí o bá tiẹ̀ gba E nínú Chemistry, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni E náà dúró sí. Ohun tó sún mọ́ èyí ní Amẹ́ríkà ni AP (Advanced Placement), ìdánwò ìpele kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ń ṣe ní háíìskúùlù. Dual credit yàtọ̀ sí i pátápátá. Lọ́jọ́ tí ọmọ ọdún 15 bá ti forúkọ sílẹ̀ fún un, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló dà. Wọ́n ti ṣí transcript kọ́lẹ́ẹ̀jì ní orúkọ rẹ̀, lẹ́tà tó bá sì bọ́ síbẹ̀, A ni o, D ni o, yóò bá a dé ibikíbi tó bá lọ.

Ẹ wo ibi tó ti máa ń jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó ń fúnni ní MD máa ń gba ọ̀dọ̀ AMCAS, àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, kọjá. AMCAS máa ń béèrè gbogbo kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí èèyàn ti ṣe láyé rẹ̀, títí kan èyí tó ṣe nígbà tó wà ní háíìskúùlù. Wọn kì í lo GPA tí yunifásítì kọ fún ọmọ. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣírò tiwọn, gbogbo lẹ́tà ló sì ń wọ inú rẹ̀. Bí ọmọ bá tún kíláàsì kan ṣe, ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n máa kà pọ̀. TMDSAS tó wà fún ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Texas náà ń ka dual credit mọ́ ọn. LSAC tí àwọn tó fẹ́ ka òfin ń gbà kọjá náà ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò. Ọmọ kan ṣe kírẹ́dítì 24 ní dual credit, ó gba B àti C, àròpín rẹ̀ sì jẹ́ 2.5. Ó dé yunifásítì, ojú là, ó fi ọdún mẹ́ta ṣe kírẹ́dítì 96 pẹ̀lú GPA 3.8. Ilé ń yọ̀, yunifásítì ń yìn ín. Ní AMCAS, 3.54 ni. Bí méjì nínú àwọn C yẹn bá jẹ́ Biology oníkírẹ́dítì mẹ́rin àti College Algebra oníkírẹ́dítì mẹ́ta, tó sì ṣe kírẹ́dítì sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò 40 ní yunifásítì pẹ̀lú 3.8, iye sáyẹ́ǹsì tí AMCAS máa ń yà sọ́tọ̀ yóò jẹ́ 3.53. Ọdún kan tó fò yẹn gan-an ló tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i: bí kírẹ́dítì tó kù fún un ní yunifásítì bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó ní láti bo C àtijọ́ mọ́lẹ̀ ṣe kéré tó.

Ẹ lè sọ pé ọmọ yín kì í gba C. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bọ́ sínú rẹ̀ kò gba C rí tẹ́lẹ̀. Ní háíìskúùlù, iṣẹ́ àmúrelé ń ti máàkì sókè, olùkọ́ á ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe, òbí sì ń ṣí pọ́táàlì lálaalẹ́, ó ń rí òdo tó wọlé kó tó pẹ́. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìdánwò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń gbé gbogbo máàkì, àtúnṣe ṣọ̀wọ́n, òbí kò sì rí nǹkan kan. Òfin àpapọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní FERPA. Bí ọmọ bá ti di akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ lórí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ bọ́ sí, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 15. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lè bá òbí tó ń fi ọmọ náà sínú ìwé owó orí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún wọn. Nítorí náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ ni kí ọmọ ti buwọ́ lu ìwé FERPA tó gbà yín láyè. Kí ẹ sì mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì máa jókòó ṣí Canvas kọ́lẹ́ẹ̀jì, ojú ewé tí iṣẹ́ àti máàkì kíláàsì máa ń wà, pọ̀. Pọ́táàlì háíìskúùlù lè má fi ohun tó ń lọ níbẹ̀ hàn yín títí sẹ̀mẹ́sítà fi máa parí.

Bí ẹ bá rí i pé nǹkan ń wọ́, ọjọ́ ló ṣe pàtàkì. Ní Texas, nínú sẹ̀mẹ́sítà gígùn, ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ 12 ni ìlà. Ọmọ tó bá jáde kó tó kọjá kò ní àmì kankan lórí transcript. Lẹ́yìn rẹ̀, títí dé ọjọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fi òpin sí, W (withdrawn, pé ó jáde nínú kíláàsì) ni yóò gbà, W kò sì wọ inú GPA. Tí ọjọ́ yẹn náà bá kọjá, lẹ́tà tó bá tọ́ sí i ni yóò gbà. W kan kò pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kí ẹ tó jẹ́ kó jáde, ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ háíìskúùlù, torí bí kíláàsì náà bá wà fún English tó nílò láti fi gba diploma, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa rọ́pò rẹ̀ kí ọmọ tó fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "wọ́n á gba gbogbo kírẹ́dítì" tún wà níbẹ̀. Gbígbà yàtọ̀ sí lílò. Yunifásítì lè gba kírẹ́dítì 42 kó sì kó ìlàjì rẹ̀ sí abẹ́ elective tí degree ọmọ kò nílò. College Algebra, MATH 1314 ní Texas, ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ ka History. Ẹni tó fẹ́ ka engineering kò ní rí i lò, nítorí Calculus I ni ìṣirò tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin Texas ní kí yunifásítì ìjọba kan gba core 42 (kírẹ́dítì 42 ti àwọn kíláàsì tó jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́) tí ọmọ bá ti parí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba mìíràn, ìyẹn dára gan-an, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sì de yunifásítì aládàáni. Ọ̀pọ̀ aládàáni kì í gba kíláàsì tí wọ́n kọ́ nínú ọgbà háíìskúùlù, tàbí èyí tí ọmọ ti fi gba diploma. Georgia ní tirẹ̀ ti fi òdiwọ̀n sí i láti 2020: kírẹ́dítì 30 ni ìjọba máa san owó rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò gba ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ẹ kọ orúkọ yunifásítì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọmọ ń wò. Ẹ ṣí ojú ewé transfer equivalency ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n á ka kíláàsì ibòmíràn sí, ẹ wá nọ́ńbà kíláàsì náà, kí ẹ sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ degree plan ohun tó fẹ́ kà. Bí kò bá sí lórí ìlà kankan nínú degree plan yẹn, kírẹ́dítì orúkọ lásán ni.

AP kò ní ewu yìí. Máàkì láti 1 dé 5 ni, ìdánwò wà ní May, $99 ni owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 2025, àárín November sì ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń parí bíbéèrè fún ìwé ìdánwò. Ẹni tó bá pẹ́ máa ń san $40 kún un. Ọmọ tó gba 2 lè fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́. AMCAS kì í fi 2 tàbí 5 ṣírò GPA. Texas fi òfin sọ ní 2015 pé kí yunifásítì ìjọba máa fún ẹni tó gba 3 ní kírẹ́dítì, àyàfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé 3 kò tó fún kíláàsì náà. Ní ìdàkejì, Dartmouth kò fi AP fúnni ní kírẹ́dítì mọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wọlé ní 2014. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá dókítà, ẹ má fi AP Biology fo Biology lọ pátápátá o. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fẹ́ rí lẹ́tà yunifásítì nínú sáyẹ́ǹsì, nítorí náà bí ó bá fo ti ìbẹ̀rẹ̀, kó ṣe èyí tó ga jù ú lọ. IB (International Baccalaureate), ètò ẹ̀kọ́ háíìskúùlù mìíràn tó ní diploma tirẹ̀, náà dára, Texas ń fún ẹni tó gba diploma rẹ̀ láìsí máàkì kankan tó kéré sí 4 ní kírẹ́dítì 24, àmọ́ ọmọ tó bá kórìíra ìwé kíkọ kò ní gbádùn ìwádìí oníwọ̀n ọ̀rọ̀ 4,000 rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí inú mi kì í dùn pé a gbójú fò. Ìdánwò èdè tó ń jẹ́ STAMP, ti ilé iṣẹ́ Avant, wà ní èdè Yorùbá. Ọmọ tó bá ń sọ ọ́, tó ń kà á, tó sì ń kọ ọ́ lè fi í gba Seal of Biliteracy, àmì ẹ̀yẹ fún ọmọ tó gbọ́ èdè méjì dáadáa, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ní Illinois àti Minnesota sì máa ń sọ Seal yẹn di kírẹ́dítì. Àwọn òbí tó ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ láṣàálẹ́ ń sanwó fún Spanish III.

Síbẹ̀, ìdílé kan wà tí mi ò lè sọ fún pé kí wọ́n sá fún dual credit. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ọmọ mẹ́ta, àgbà nínú wọn fẹ́ ka accounting ní yunifásítì ìjọba tó wà nítòsí. Ní Florida, wọn kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bó bá sì wà ní háíìskúùlù ìjọba, wọ́n á fún un ní ìwé tó fẹ́ lò. Ní Texas, ètò FAST, tó ń sọ dual credit di ọ̀fẹ́, ti wà láti 2023 fún àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Kírẹ́dítì 30 níbẹ̀ jẹ́ gbèsè ọdún kan tí ọmọ náà kò ní jẹ. Háíìskúùlù rẹ̀ lè má tiẹ̀ ní olùkọ́ AP Physics. Ẹni tó sọ accounting ní ọdún 15 sì lè dé ọdún 20 kó ní ìṣègùn ni. Ṣé ká wá ní kí ìyá yẹn san owó ọdún kan nítorí ohun tó ṣeé ṣe kó má ṣẹlẹ̀? Ẹnu mi kò gbà á. Kíláàsì kan péré ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, nínú ohun tí ọmọ mọ̀ jù, ni mo máa ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì wo lẹ́tà tó jáde kí wọ́n tó fi òmíràn kún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wà ní 11th grade (bíi SS2 nílé), bí wọ́n bá ń rọra lọ báyìí, ibi tó máa dé kó tó jáde kò ní jìnnà, kò sì ní dín owó kù tó bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mi ò ti tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.