Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́

Fídíò míì tún ti dé o. Ọmọ wa kan jókòó sórí àpótí ẹrù ẹ̀ ní England, ó ń sunkún pé onílé ti gbé dípọ́sítì òun mì, owó tí ayálégbé ń fi sọ́wọ́ onílé kó tó wọlé, tó yẹ kó gbà padà tó bá ń kó jáde. Inú bí mi, kì í sì í ṣe sí onílé nìkan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́: ẹnu téèyàn bá pa dé, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ náà á sùn síbẹ̀. Mo ka gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ fídíò yẹn, "ẹ pẹ̀lẹ́", "Ọlọ́run á fi tuntun rọ́pò ẹ̀", kò sẹ́nì kan tó bi í pé abẹ́ ètò wo ni onílé fi owó yẹn sí.

Torí láti April 2007 lòfin ti wà níbẹ̀ pé onílé gbọ́dọ̀ fi dípọ́sítì sábẹ́ ètò ìdáàbòbò tíjọba fọwọ́ sí. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún un báyìí, tí ò bá ṣe é, kọ́ọ̀tù lè ní kó san tó ìlọ́po mẹ́ta owó náà fún ayálégbé. (Tí ẹ̀yin àti onílé bá jọ ń gbé inú ilé kan náà, ìyẹn yàtọ̀ o.)

Àbúrò mi obìnrin kan lọ ka másítà níbẹ̀. Wọ́n ní kò lẹ́ni tó máa dúró fún un nílùú, kó san owó oṣù 6 lẹ́ẹ̀kan, ó yáwó, ó san. Ìgbà tí òtútù dé, ògiri ẹ̀yìn wọ́dírọ́ọ̀bù hu nǹkan dúdú dúdú, kóòtù tó fi kọ́ síbẹ̀ ń rùn bí àkísà tó pẹ́ lómi. Ó fi tíṣù nù ún, ó tún hù. Mo ní ṣé o ti kọ̀wé sí onílé, ó ní "Bọ̀dá mi ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má lọ fẹjọ́ mi sun àwọn tó fún mi ní físà." Kí ló kan físà nínú ògiri? Nígbà tó kó jáde, onílé ní òun ti fi dípọ́sítì ẹ̀ kun ògiri. Ògiri tó kọ̀ tí ò tún ṣe! A yẹ̀ ẹ́ wò, owó ò sí lábẹ́ ètò kankan. Lẹ́tà ojú ewé kan la kọ, a mẹ́nu ba ìlọ́po mẹ́ta, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé owó ti wọ akáǹtì ẹ̀.

Wọ́n tún ṣòfin míì ní 2025, Renters' Rights Act, ọjọ́ 1 May 2026 ni wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sí. Òun ló pa Section 21 rẹ́, èyí tí onílé fi ń lé èèyàn láìsọ ìdí, ó sì ní kí wọ́n má gba ju owó oṣù kan lọ ṣáájú. Àmọ́ wọ́n ṣì ṣílẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún onílé: ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta sókè jọ ń gbé, ó lè fún wọn ní nótíìsì oṣù 4 kó sì gbà á padà láàárín June sí September káwọn akẹ́kọ̀ọ́ míì lè wọlé. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ kílé ṣófo, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka PhD ọdún 4, tí ò tíì fẹ́ kó jáde, ńkọ́? Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa pariwo lé lórí.

Èyí tó dùn mí jù ni tara wa. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé yàrá yẹn lọ́dún kan, tẹ́ ẹ mọ̀ pé onílé kì í dáwó padà, ẹ wá ya fọ́tò ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ fi wọ́dírọ́ọ̀bù bo ògiri, ẹ gbé e sórí WhatsApp, "yàrá tó mọ́, onílé èèyàn dáadáa", torí ẹ ń wá ẹni tó máa gba àgírímẹ́ǹtì lọ́rùn yín. Ṣé ojú ò tì yín ni? Ọmọ ọdún 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́lẹ̀ nínú báàlù lẹ fi ń dí ihò!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ ya fídíò gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá, títí kan ẹ̀yìn wọ́dírọ́ọ̀bù. Ẹ bi onílé pé ètò wo ló fi owó yín sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹ má fẹnu sọ ọ́ lásán. Tó bá di ọjọ́ 31 tí ò fèsì, ẹ má wá sunkún fún mi lórí fídíò, ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ̀gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń ra kọfí ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni.