Dúdú Igi Kọ́ Ni Ọjọ́ Orí Ère

Ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ère àti àga onígi tí àwọn ìdílé Fílípíìnì ń jogún ni pé èyí tó bá dúdú jù, tó sì wúwo jù, òun ló pẹ́ jù. Àwọn tó ń tà á gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń rà á gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí lolo, ìyẹn bàbá àgbà, fi santo, ère ẹni mímọ́ ti ìjọ Kátólíìkì, sílẹ̀ fún pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ó sì ń dùn mí, nítorí òun ló ń jẹ́ kí wọ́n ta ojúlówó ní ọ̀pọ̀, kí wọ́n sì fi owó gọbọi ra àdàmọ̀dì.

Ẹ wo igi náà fúnra rẹ̀. Narra, igi orílẹ̀-èdè wọn láti 1934, ìyekan igi osùn tiwa ni. Pterocarpus ni àwọn onímọ̀ ń pe ìran méjèèjì. Ẹni tó bá mọ osùn, kò ní yà á lẹ́nu pé inú narra lè pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ oyin. Igi molave ní tiẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi kamagong ló dúdú, àtọjọ́ tí wọ́n ti gé e lulẹ̀ ló sì ti dúdú. Nítorí náà, ère kamagong tí wọ́n gbẹ́ lóṣù tó kọjá lè dúdú ju ère narra tó ti lo igba ọdún.

Ìwúwo ńkọ́? Ní Paete, ìlú agbẹ́gilére ní ẹkùn Laguna, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara paet, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́gi, igi batikuling ni wọ́n fẹ́ràn fún santo. Kò wúwo tó molave, kò sì le tó o. Irin máa ń wọ̀ ọ́ dáadáa. José Rizal, akọni orílẹ̀-èdè Fílípíìnì, nígbà tó wà nílé ìwé ní Manila, fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ère Màríà Wúńdíá láti ara batikuling. Ẹni tó bá ń fi ìwúwo díwọ̀n ọjọ́ orí, irú ère bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òótọ́ ni pé lílò máa ń sọ igi di dúdú. Bulul àwọn ará Ifugao ní àríwá Fílípíìnì, ère tó ń ṣọ́ àká ìrẹsì, máa ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nígbà ètùtù, èéfín náà a sì bà lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbẹ́ ẹ fún arìnrìn-àjò ti mọ̀ ọ́n: wọ́n á fi í sínú èéfín, wọ́n á fi èédú àti òróró kùn ún. Àwọ̀ lílò kì í dọ́gba. Ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú a máa dán, kọ̀rọ̀ a sì kó ìdọ̀tí. Èyí tó bá dúdú bákan náà látorí dé ẹsẹ̀, ẹ fura sí i. Ihò kòkòrò nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí wọ́n lè fi ẹ̀rọ lu irú rẹ̀: ti kòkòrò a máa wọ́ kiri nínú igi, ti ẹ̀rọ a máa lọ tààrà.

Èyí tó máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jù ni igi àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ lọ́tun. Ní 2011, ìjọba Fílípíìnì fòfin de gígé igi nínú igbó àdáyébá, narra tuntun sì ṣòro láti rí. Òpó àti pákó ilé àtijọ́ tí wọ́n wó ni ọ̀pọ̀ ń rà. Igi náà lè ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti ọdún tó kọjá. Kò sí àbùkù níbẹ̀ bí ẹni tó ń tà á bá sọ ọ́. Kí ó má sáà pè é ní ti ayé ìgbà tí àwọn Spéìn ń ṣàkóso ibẹ̀, tó parí ní 1898.

Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo abẹ́. Ayùn ẹlẹ́rọ tó rí roboto máa ń fi ilà tó tẹ̀ bí ọrun sílẹ̀. Ti ayùn ọwọ́ a máa tọ́, kì í sì í dọ́gba. Bó bá jẹ́ tábìlì roboto, ẹ fi okùn wọn ìbú rẹ̀ lọ́nà méjì. Bí igi bá ń gbẹ, ìbú rẹ̀ máa ń sún kì ju gígùn rẹ̀ lọ, nítorí náà èyí tó ti pẹ́ kì í sábà rí kìrìbìtì mọ́.

Bó bá sì jẹ́ santo tí ìdílé ń gbé jáde ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ẹ wá fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ lola, ìyá àgbà, kí ẹ wo ojú ère náà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi fánìṣì dúdú kùn ún kí ó lè jọ àgbà. Àwọn àmì tí mo sọ wọ̀nyí ni fánìṣì yẹn yóò bò mọ́lẹ̀.