Ẹ Bá Wa Tẹ Orin Náà Bọmi

Wọ́n kéde ààwẹ̀ ojú àti etí ní ìjọ wa ní Súrùlérè. Ọjọ́ 21 gbáko. Kò kan oúnjẹ o: iyán ń lọ, ọbẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Orin ayé àti fíìmù ayé la máa takété sí. Kí a tó délé, státọ́ọ̀sì WhatsApp ti kún: "Mo ti kúrò nínú ayé, ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ sí mi mọ́." Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé fídíò ìkómọ kan sórí tèmi, níbi tí mo ti ń jó. Ẹni tó kúrò nínú ayé lọ́sàn-án ló kọ́kọ́ wò ó.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti pinnu ohun tó ń jẹ́ ayé gan-an. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, torí èmi nìkan ni mo mú bírò wá.

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Zee World, ìkànnì fíìmù Íńdíà, kì í ṣe ara ayé. Mo wo ìwé tí mò ń kọ, mo wo ojú wọn. Ayé mà wà nínú orúkọ rẹ̀ gbangba! Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Ìyá Ìjọ jiyàn? "Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi ń kọ́ wa," wọ́n ní, "ẹ ò rí bí ìyàwó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá ọkọ ẹ̀?" Ìyá ọkọ kan náà yìí ti bu májèlé sí oúnjẹ ìyàwó náà lẹ́ẹ̀mejì o, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé ṣì ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Zee World, kó máa lọ.

Bàbá Ìjọ wúkọ́. Tiwọn ni Premier League. Agbábọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá ti gbá a sáwọ̀n báyìí, yóò gbójú sókè dúpẹ́. "Ṣé kí a wá fi ọmọ Ọlọ́run sílẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn láìsí ẹni tó ń fàdúrà tì í?" Ó di àmín. Ó wá yé mi ìdí tí ìwàásù fi máa ń kúrú lọ́jọ́ Ìsinmi tí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀gá kọ́ayà ò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ohunkóhun. Ìwádìí ni tiẹ̀. Mo ti bá a pàdé rí nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gbà sí Yábà, íàpíìsì ní etí méjèèjì, tó ń mi orí bí alángbá tó já láti orí ìrókò. Bó ṣe rí mi, ó yọ ọ̀kan: "Ìwádìí ni, bọ̀dá mi." Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èso ìwádìí náà gorí pẹpẹ. Ó ti yọ orúkọ ọmọbìnrin inú orin náà, ó fi Jésù síbẹ̀. Orúkọ ọmọbìnrin yẹn ló wá gùn ju Jésù lọ, ni orúkọ Olúwa bá ń fà bí ewédú: Jésù-ù-ù-ù. Gbogbo ohun tó kù wà bó ṣe wà, bàsì rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń hó. Àwọn díákónì obìnrin jó lọ sílẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má dìde mọ́. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló gbé wọn. Hùn. Èmi àti ẹ̀mí yẹn ti pàdé rí níbi ìnáwó kan ní Mushin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíréètì bíà.

Bí wọ́n bá kúkú sọ pé orin náà dùn, ẹ̀yìn wọn ni n bá wà. Àwọn àgbà ò fi tiwọn pamọ́. Ẹni-Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìjọ nígbà tí àwọn mìíràn ń fi imú kọ ti òyìnbó. Ní 1922, ó kọ ọ́ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Hubert Ogunde ṣì ń ṣe ọlọ́pàá ní 1944 nígbà tí ìjọ Aládúrà kan ní Èbúté-Mẹ́tta bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ eré nípa ọgbà Édẹ́nì. Glover Hall ní Èkó ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n fi wá owó ìjọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé tíátà pọ̀n. Ìgbà tó dàgbà tán ni ṣọ́ọ̀ṣì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Pọ́ọ̀lù pàápàá mú ọ̀rọ̀ akéwì kèfèrí sẹ́nu ní Áténì, ó sì sọ fún wọn pé akéwì yín ló wí bẹ́ẹ̀. Kò ní ìwádìí lòun ń ṣe.

Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan nìkan ni ẹjọ́ dá lẹ́bi. Fújì ló fi ń ránṣọ, rédíò ẹ̀ ò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Wọ́n ní ayé pọ́ńbélé ni fújì, kó pa á. Fújì tó jẹ́ pé inú wéré ló ti jáde, wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì! Nínú gbogbo ohun tí a tò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló bá ààwẹ̀ tan.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo gbé ìwé ìpàdé lọ fún Ìyá Ìjọ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ò tíì rí awò ojú wọn ni NEPA mú iná lọ. "Jésù!" Ìyá Ìjọ fò dìde nínú òkùnkùn. "Ẹ tan jẹ́nẹ́rétọ̀ kíá, wọ́n ti gbé oúnjẹ yẹn síwájú ẹ̀!"

Èmi ni mo fa okùn jẹ́nẹ́rétọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó gbà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹ ẹ́.