Kí Nàìjíríà Fi Owó Ara Rẹ̀ Ṣe Ìwádìí Ìlera Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí owó tí ó ń ná lórí ètò DHS, ìwádìí ìlera ilé-dé-ilé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, tí ó sì ti dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 90. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fura pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìwádìí yìí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa ikú ọmọdé ní Nàìjíríà ti wá.

Ìwé ilé ìwòsàn kò mọ ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ó bá dé ibẹ̀. Ọmọ tí ibà pa sí abà, tí wọ́n sì sin kí ilẹ̀ tó ṣú, kì í sábà sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn fi ń tọ àwọn ìyá lọ sílé. Ní ọdún 2018, àjọ ìkànìyàn ilẹ̀ wa ṣa àdúgbò 1,400 jákèjádò orílẹ̀-èdè, ó ka àwọn ìdílé tí ó wà níbẹ̀, ó sì mú ìdílé 30 nínú àdúgbò kọ̀ọ̀kan láìṣojúsàájú, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ kèké. Wọ́n bi àwọn obìnrin tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 49 léèrè nípa gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí: ìgbà tí wọ́n bí i, bóyá ó wà láàyè, àti iye ọjọ́, oṣù tàbí ọdún tí ó lò láyé bí ó bá ti kú. Ìbéèrè tí ń dá ọgbẹ́ ọkàn sílẹ̀ ni, a sì jẹ àwọn ìyá tí ó dáhùn rẹ̀ ní gbèsè ọpẹ́. Ìdáhùn wọn ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí, 132 ni ó ń kú nígbà náà kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Pé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, 30 ni, ṣùgbọ́n ní Kebbi, 252 ni.

Lóòótọ́, Gates Foundation, àjọ aláàánú Bill Gates, ti fi owó ran ètò náà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ìlú Àbújá níbí ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní ọdún 2001 pé ìlera yóò máa gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúná wọn. Ìlérí náà ṣì wà nílẹ̀ láìmúṣẹ lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti kékeré fi òfin ya owó ìwádìí yìí sọ́tọ̀, kí ó má baà di ohun tí mínísítà kan lè fi falẹ̀. Kí wọ́n sì ka ènìyàn, nítorí ìkànìyàn ọdún 2006 ni wọ́n ṣì fi ṣa àwọn àdúgbò ọdún 2018, nígbà tí àwọn ìlú wa ti gbòòrò kọjá ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Ní ti àwọn gómìnà ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, kí Ògùn má ṣe tìtorí 30 sinmi: iye ìdílé tí wọ́n ń bẹ̀ wò tó láti sọ̀rọ̀ nípa odindi ìpínlẹ̀, kò tó láti sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ ti ń kú jù. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan san owó tí a ó fi fi ìdílé kún un, títí tí a ó fi lè dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà.