Ẹni tó fẹjọ́ sùn kọ́ ló ni ẹjọ́ ọ̀daràn

"Ẹ ṣáà bẹ̀ ẹ́. Bó bá ti lóun ò ṣe mọ́, ẹjọ́ parí." Kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tí wọn kì í ti í sọ ọ́. Ẹbí á kóra jọ, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á san owó ilé ìwòsàn, wọ́n á sì mú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ búra àfídáfíìtì pé òun ti dárí jì. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, adájọ́ á ka ìwé náà, á sì sún ẹjọ́ síwájú. Ni ẹni tó dárí jì á wá fárí gá: "Ṣebí èmi ni mo pè é lẹ́jọ́!"

Ìwọ kọ́.

Wo ìwé ẹ̀sùn fínnífínní. Ní kóòtù Májísíréètì, "Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá" ló sábà máa ń wà lókè, kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ní ilé ẹjọ́ gíga, Ìpínlẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ EFCC ló gbé e wá, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n lù dà? Ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé "o lu Lágbájá". Tí ìgbẹ́jọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni, ẹlẹ́rìí kò sì lágbára láti pa ẹjọ́ tì.

Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ gbèsè yàtọ̀. Ẹni tó pè wọ́n ló ni wọ́n. Àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ la gbọ́ dàgbà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹjọ́ fi jọra lójú wa.

Ta ló wá lè pa ẹjọ́ ọ̀daràn tì? Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 174 àti 211, gbé e lé Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ lọ́wọ́: wọ́n lè pe ẹjọ́ ọ̀daràn, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì lè dá a dúró nígbàkigbà kí ìdájọ́ tó wáyé. Òfin ní kí wọ́n ro ire ará ìlú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ní 1983, nínú ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ àti Ilori, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kóòtù kankan kò lè bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dá a dúró. Ẹni tí ààrẹ tàbí gómìnà yàn ló ní agbára tó tó báyìí! Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn.

Abẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ni DPP, ọ̀gá àwọn lọ́yà tó ń bá ìjọba pe ẹjọ́ ọ̀daràn, ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ìpànìyàn, ọlọ́pàá á fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí i, òun ló sì máa sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Gàní Fawẹ̀hìnmí, gbajúmọ̀ lọ́yà nì, pàápàá kò lè fo DPP kọjá. Nígbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa oníròyìn Délé Gíwá nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà lóṣù kẹwàá 1986, Gàní fẹ́ fúnra rẹ̀ gbé àwọn ọ̀gá aláàbò méjì lọ sí kóòtù. Òfin ní kó kọ́kọ́ lọ bá DPP Èkó, kí ìyẹn pe ẹjọ́ náà tàbí kó fọwọ́ sí i pé òun ò ní pè é. Àwọn kóòtù ìsàlẹ̀ ní kò kàn án. Ní 1987 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé ó kàn án, torí pé ọ̀ràn ọ̀daràn kan gbogbo wa.

Owó "ẹ má ṣe é mọ́" wá ńkọ́? Abala 127 nínú Criminal Code tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó bá gbowó láti bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀ tàbí láti má jẹ́rìí sí i lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, àní ọdún 7 bí ọ̀ràn náà bá tó ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ikú.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ń kú nítorí pé ẹlẹ́rìí kò yọjú, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí sì ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù lè ránṣẹ́ pe ẹlẹ́rìí, ó lè ní kí wọ́n lọ mú un wá, dókítà àti aládùúgbò sì lè jẹ́rìí láìsí i níbẹ̀. Ìjà àti irú ẹ̀sùn kéékèèké bẹ́ẹ̀ nìkan ni májísíréètì lè gbà kí wọ́n parí nítùbí-ìnùbí. Àfídáfíìtì ìdáríjì lè mú kí ìyà fúyẹ́.

Bí ẹ bá ti parí ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ̀wé sí DPP ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́. Ti Èkó wà ní Aláùsá. Bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló ń pe ẹjọ́ ní Májísíréètì, agbẹjọ́rò wọn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn kí wọ́n tó ní kí olùjẹ́jọ́ wí tẹnu rẹ̀, wọ́n tú u sílẹ̀ ni, wọn ò dá a láre. Wọ́n ṣì lè gbé e padà wá. Títí ìwé yóò fi jáde, kí olùjẹ́jọ́ máa yọjú lọ́jọ́ tí kóòtù bá dá. Àwọn kan gbọ́ "a ti dárí jì" báyìí ni, wọ́n jókòó sílé, kóòtù gba béèlì padà, ó ní kí ọlọ́pàá lọ mú wọn, oníìdúró tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ sì wá ń sanwó.